Ọmọ ṣàìsàn ní Ìfẹ́lódùn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gba Dakar lọ: ta ni ń ṣe kí ni nínú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú?

Ará Ìgbómìnà béèrè:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 2017, ọmọbìnrin ọdún méje kan ní Òkè-Owá, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Kwara, bẹ̀rẹ̀ àìsàn ní 16 August. 12 September ni Institut Pasteur, ilé ìwádìí àrùn tó wà ní Dakar nílẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ibà pọ́njú ni, yellow fever tí gbogbo wa mọ̀. 13 October ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ gbogboogbò ní Kwara àti Kogi. Ẹ kà á wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù méjì.

Mo sì ń gbọ́ WHO, UNICEF, Gavi, Red Cross, MSF, NCDC, NPHCDA. Àjọ méje lórí ìgò abẹ́rẹ́ kan! Ṣé kì í ṣe pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ yìí ló jẹ́ kó pẹ́? Kí ló tiẹ̀ dé tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ìgbómìnà fi gbọ́dọ̀ dé Sẹ̀nẹ̀gàl kí wọ́n tó gbà pé òótọ́ ni?

* * *

Ìyá Kúlà:

Ẹ kú ìbéèrè. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ nìyẹn, pé àwọn àjọ yìí ń dí ara wọn lọ́wọ́. Èmi ò gbà. Tí ẹ bá tú iṣẹ́ wọn palẹ̀, ti ẹnì kan ò jọ ti ẹnì kejì.

NCDC, àjọ ìjọba wa tó ń kojú àrùn, ló ń wá aláìsàn kiri, òun ló ń rí sí àyẹ̀wò, òun náà ló sì ń fi tó WHO, àjọ ìlera àgbáyé, létí. NPHCDA, àjọ ìjọba wa kejì, ló ń gún aráàlú lábẹ́rẹ́. Ilé méjì ni wọ́n, ọ̀gá méjì, àpò owó méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Abuja kan náà ni wọ́n jọ wà. WHO kì í ra abẹ́rẹ́. Ìmọ̀ àti ìlànà ni tiwọn, àwọn ló sì ń bá ìjọba kọ ìwé ìbéèrè, èyí tí wọ́n fi ń tọrọ abẹ́rẹ́, kó lè dúró. UNICEF ló ń ra abẹ́rẹ́ láti ibùdó ìrajà wọn ní Copenhagen, òun náà ló sábà máa ń ti ìkéde láàárín ìlú lẹ́yìn. Gavi, àjọ tó ń kówó jọ fún abẹ́rẹ́, ló ń sanwó.

Red Cross àti MSF, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ṣèrànwọ́ kárí ayé, inú ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní ICG ni wọ́n ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1997 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ nítorí àrùn yírùnyírùn, wọ́n wá fi ibà pọ́njú àti kọ́lẹ́rà kún un. Mẹ́rin péré ló ń jókòó níbẹ̀: WHO, UNICEF, àpapọ̀ ẹgbẹ́ Red Cross àti Red Crescent, àti MSF. Àwọn ló ń ṣọ́ abẹ́rẹ́ pàjáwìrì gbogbo àgbáyé. Ti ibà pọ́njú jẹ́ ìwọ̀n mílíọ̀nù mẹ́fà. Ẹ ṣàkíyèsí pé Gavi tó ń sanwó kò sí lára àwọn mẹ́rin tó ń pinnu. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sanwó kọ́ ló yẹ kó máa pinnu orílẹ̀-èdè tí wọn yóò kọ́kọ́ fún.

Ní ti ìdádúró: bí ìwé ìbéèrè bá pé, ọjọ́ iṣẹ́ méjì ni ICG fi ń dáhùn, ọjọ́ méje ni wọ́n sì ń lépa fún kíkó abẹ́rẹ́ wọ̀lú. Àpapọ̀ rẹ̀ ò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Nítorí náà ẹ má wá ìdádúró sí Geneva, níbi tí ICG wà. Ẹ wá a síwájú ìwé ìbéèrè, kí ẹ tún wá a lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ti balẹ̀.

* * *

Àgbà Ò Gbà:

Ìyá, ẹ ti ṣàlàyé ẹni tó ń ṣe kí ni, ṣùgbọ́n ẹ fo ìdí tó fi jẹ́ pé àlejò ló ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí. Lọ́dún 1925, Yaba níbí ni àjọ Rockefeller gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí ibà pọ́njú fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kalẹ̀ sí. Adrian Stokes tó ń ṣe ìwádìí náà kú sí Èkó ní September 1927. Àrùn tó ń wádìí gan-an ló pa á. Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi, ní Gold Coast lọ́dún 1927 kan náà, ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì tí Max Theiler àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe àjẹsára 17D lọ́dún 1937. Òun náà la ṣì ń gún dòní. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1951.

Àwa náà ń ṣe abẹ́rẹ́ yìí ní Yaba nígbà kan. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe é ń ṣiṣẹ́ títí di 1991, ni wọ́n bá ní kí wọ́n tì í kí wọ́n lè tún un ṣe. Àtúnṣe yẹn là ń retí. Ìjọba àpapọ̀ bá ilé iṣẹ́ May & Baker da Biovaccines pọ̀, ìjọba mú ìpín 49, wọ́n mú 51. Ẹ ka ọdún tó ti kọjá láti 1991 o. Ilé iṣẹ́ mẹ́rin péré tí WHO fọwọ́ sí ló ń ṣe abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ní gbogbo ayé: Dakar, Rio de Janeiro, ọ̀kan ní Faransé, ọ̀kan ní Rọ́ṣíà. Dakar tí ọ̀ràn rẹ̀ ń ya Ará Ìgbómìnà lẹ́nu ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó tún ń ṣe abẹ́rẹ́. Kí ló fi jù wá lọ? Wọn ò ti ilé iṣẹ́ tiwọn ni.

Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ dùn-ún gbọ́. Bó bá ti di pé ẹnì kan ń nawọ́ lójoojúmọ́, tí ẹnì kejì ń fún un, ẹ wá orúkọ mìíràn fún un.

* * *

Oníláàbù:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ Dakar kó tó di ìjà.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni IgM. Ohun tó ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ ni àmì pé ara ti bá fáírọ́ọ̀sì náà jà láìpẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé dengue, Zika àti West Nile jẹ́ mọ̀lẹ́bí ibà pọ́njú, ara máa ń fi àmì tó jọra hàn fún wọn. Ẹni tí dengue mú lè yọ bí ẹni tí ibà pọ́njú mú. Ìkejì, ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ní oṣù kan sẹ́yìn yóò ní IgM náà, láìṣe pé ó ṣàìsàn rárá. Bí a bá ń kéde àjàkálẹ̀ lórí IgM nìkan, a ó máa kó abẹ́rẹ́ pàjáwìrì lọ síbi tí kò sí nǹkan kan.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní PRNT. Wọ́n á po omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn mọ́ fáírọ́ọ̀sì tó wà láàyè, wọ́n á dà á sórí sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á dúró fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á wá ka ihò tí fáírọ́ọ̀sì lu sára sẹ́ẹ̀lì náà. Bí ihò bá dín kù gan-an, ẹ̀jẹ̀ yẹn mọ ibà pọ́njú lójú. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ fún dengue àtàwọn yòókù, kí wọ́n lè fi wé ara wọn. Iṣẹ́ yìí gba yàrá tí wọ́n lè sin fáírọ́ọ̀sì alààyè sí, iná tí kì í lọ, àti òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é lemọ́lemọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi gbàgbé. Dakar ni ibùdó ìtọ́kasí fún agbègbè wa.

Níbi tí ọjọ́ ti ń ṣòfò: ẹ̀jẹ̀ gan-an kì í gbà ju wákàtí mélòó kan lọ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ìwé ló ń dá a dúró. Àpò mẹ́ta ni wọ́n ń fi dì í. Ìgò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n dé pinpin lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ike tí kò lè jò, tí òwú tó lè fa gbogbo omi inú ìgò yẹn mu sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà páálí líle. Yìnyín ń wà láàárín ìkejì àti ìkẹta, ìwé aláìsàn náà ń wà níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìkejì. Àmì onígun mẹ́rin tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, tí UN3373 wà nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ hàn lára páálí. Tó bá jẹ́ yìnyín gbígbẹ ni, UN1845 náà gbọ́dọ̀ wà, páálí sì gbọ́dọ̀ ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bẹ́. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá yàtọ̀, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú á ní òun ò gbé e. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Àṣìṣe kan tún wà tó jẹ́ pé abúlé ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ á sáré gbé odindi ẹ̀jẹ̀ sínú fírísà. Ó rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa á bẹ́, omi ẹ̀jẹ̀ á pọ́n bíi zóbò, kò ní ṣe é yẹ̀ wò mọ́. Kí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ dì, kí wọ́n fi ẹ̀rọ yí i, kí wọ́n fa omi òkè kúrò, lẹ́yìn náà ni òtútù.

* * *

Ìyá Kúlà:

Oníláàbù, ẹ ṣeun. Àgbà Ò Gbà, mi ò bá yín jiyàn lórí Yaba. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ nìkan kọ́ ló ń dá abẹ́rẹ́ dúró. Inú ẹyin adìẹ ni wọ́n ti ń sin fáírọ́ọ̀sì 17D, kì í sì í ṣe ẹyin ọjà. Adìẹ tó yé e kò gbọ́dọ̀ ní kòkòrò àrùn tí wọ́n to orúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ bí ọba. Lẹ́yìn ìyẹn, UNICEF kì í ra abẹ́rẹ́ tí WHO kò fọwọ́ sí, WHO kì í sì í fọwọ́ sí i bí aláṣẹ oògùn orílẹ̀-èdè tó ṣe é kò bá tíì dé ìpele kẹta nínú òṣùwọ̀n wọn. NAFDAC, aláṣẹ oògùn tiwa, dé ìpele yẹn lọ́dún 2022, ṣùgbọ́n fún oògùn àti fún àjẹsára tí a ń kó wọlé ni. Ti àjẹsára tí a ṣe nílé ṣì wà níwájú. Nítorí náà bí wọ́n bá ṣílé iṣẹ́ lọ́la, ìwé àṣẹ ni yóò pẹ́ jù ẹyin lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé ìbéèrè. Ohun tí ICG ń bi yín: aláìsàn mélòó la fura sí, mélòó ni láàbù fìdí ẹ̀ múlẹ̀, ọjọ́ tí àìsàn mú wọn, iye èèyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ọjọ́ orí wọn ṣe rí, iye tó ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, àti bóyá àyè wà nínú fírísà yín. Iye èèyàn yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ìkànìyàn tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà ni ti 2006. Ẹnì kan á mú iye yẹn, á fi ìdá tó ń lé lọ́dọọdún kún un. Ẹlòmíràn á mú iye ilé tí àwọn tó ń kán oògùn rọpárọsẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu kà. Wọn kì í bá ara mu. Ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, ìyàtọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìpàdé á bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tí wọn yóò kọ, ìpàdé yẹn gan-an ló ń jẹ ọ̀sẹ̀.

Bí iye bá ti dúró, ìṣirò rọrùn. Ká ní èèyàn 50,000 ni. Ẹ fi 1.11 sọ ọ́ di púpọ̀ nítorí èyí tí yóò ṣòfò: 55,500. Ìgò oníwọ̀n mẹ́wàá ni, nítorí náà ìgò 5,550. Ṣíríńjì tí ń ti ara rẹ̀ pa, 55,500. Ṣíríńjì ńlá tí wọ́n fi ń po oògùn, ọ̀kan fún ìgò kan, tí ẹ bá fi 1.11 kún un ó di bíi 6,161. Àpótí tí wọ́n ń ju abẹ́rẹ́ sí, ọ̀kan fún ọgọ́rùn-ún ṣíríńjì, ẹ tún fi 1.11 kún un: 685. Ẹni tó bá gbàgbé àpótí, ṣíríńjì tó ti gún èèyàn ni yóò máa ṣà nílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kìíní.

Ẹ rántí omi tí wọ́n fi ń po ó. Abẹ́rẹ́ yìí gbígbẹ ló ń wá, omi tirẹ̀ ló ń bá a wá, a kì í fi omi abẹ́rẹ́ ìgbóná eéyí pò ó. Omi náà gbọ́dọ̀ tutù kó tó pàdé oògùn. Bí a bá ti pò ó, wákàtí mẹ́fà; ó pé bẹ́ẹ̀, ká dà á nù, ìbáà ṣẹ́ ku èèyàn mẹ́jọ. Níbi ọjà tí èrò ti pọ̀, kò sí ìṣòro. Ní abà tí èèyàn mẹ́ta yọjú, òṣìṣẹ́ á wo ìgò, á wo àwọn mẹ́ta yẹn, á ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Àwọn yẹn kì í padà. Ẹ ṣí ìgò náà fún wọn! Òfò tí a fi 1.11 sílẹ̀ fún nìyẹn.

* * *

Oníṣòwò Sèmè:

Ẹ má bínú pé mo ya ọ̀nà. Ní bodè, wọ́n máa ń ní káàdì yellow mi, ẹ̀rí pé mo gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ti kọjá ọdún mẹ́wàá, kí n san nǹkan kí n tó kọjá. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kọ sí i lóòótọ́. Ṣé wọ́n tọ̀nà?

* * *

Ìyá Kúlà:

Wọn ò tọ̀nà. Láti July 2016, káàdì yẹn wà títí ẹ̀mí ẹni, bí ohun tí wọ́n kọ sí i tiẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́wàá, àti èyí tí wọ́n ti fún un yín ṣáájú ọdún yẹn pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ kan péré ló wà fún ọjọ́ ayé. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí wọ́n gún un yín ni káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́; ẹni tó gún un lánàá tó ń lọ lónìí, wọ́n lè dá a padà lóòótọ́.

Pé kí ẹ sanwó láti kọjá, ìyẹn ò sí nínú òfin kankan. Òfin ìlera àgbáyé ti 2005, IHR, ló ń darí káàdì náà, ó sì de Nàìjíríà àti ilẹ̀ Benin. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera bodè ni láti wo ọjọ́, òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà ìgò. Bí kò bá sí káàdì rárá, abẹ́rẹ́ ló yẹ kó fi lọ̀ yín.

Ohun kan ló yàtọ̀. Lọ́dún 2016, nígbà tí ibà pọ́njú jà ní Àǹgólà àti Kóńgò, abẹ́rẹ́ pàjáwìrì àgbáyé tán. Ní Kinshasa, ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ni wọ́n gún fún àwọn èèyàn, 0.1 dípò 0.5 mílílítà. Ó dáàbò bo ara, ṣùgbọ́n wọn kì í fi gba káàdì ìrìn àjò.

* * *

Ará Kétu:

Ó dáa tí bodè wọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ fi ti apá ibí kún un, nítorí ẹ̀yin ará Nàìjíríà máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀fọn ń gba ìwé àṣẹ kó tó kọjá.

Láti Ìmẹ̀kọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn sí Kétu nílẹ̀ Benin, ọ̀kadà lásán ni. Ìdílé kan náà, ọjà kan náà, èdè kan náà. Ẹ wá wo ọ̀nà tí ìròyìn àrùn ń gbà lábẹ́ òfin. Kétu á kọ ọ́ ní Faransé ránṣẹ́ sí ọ̀gá agbègbè ìlera, ó di Kòtónù. Kòtónù ní ibùdó kan tí òfin yàn láti bá WHO sọ̀rọ̀. Ó di ọ́fíìsì WHO ti Áfíríkà ní Brazzaville. Brazzaville á pe NCDC, nítorí NCDC ni ibùdó bẹ́ẹ̀ fún Nàìjíríà. Abuja á pe Abẹ́òkúta, Abẹ́òkúta á wá pe Ìmẹ̀kọ. Nígbà yẹn ìsìnkú ti parí, àwọn tó wá láti Ìmẹ̀kọ ti padà sílé.

Òfin náà ní kí orílẹ̀-èdè yẹ ọ̀rọ̀ wò láàárín wákàtí 48, kó sì fi tó WHO létí láàárín 24 lẹ́yìn rẹ̀, bó bá rí i pé ó lè tàn dé ibòmíràn. Wákàtí yẹn dára lórí ìwé. Kì í bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé olú ìlú.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí òṣìṣẹ́ Kétu ní nọ́ńbà òṣìṣẹ́ Ìmẹ̀kọ. Ìyẹn ló mú kí ọjọ́ oògùn rọpárọsẹ̀ máa bára mu ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí wọ́n bá ń kán an ní Monday níbí, tí wọ́n ń kán an ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e lọ́hùn-ún, ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ lọ ọjà Monday tó padà ní Friday kò rí èyíkéyìí. Lọ́dún 2019, irú fáírọ́ọ̀sì rọpárọsẹ̀ kejì, èyí tó ń ti ara oògùn yí padà, kọjá láti Nàìjíríà wọ ilẹ̀ Benin, Togo àti Gánà. Kò béèrè èdè tí wọ́n fi kọ fọ́ọ̀mù.

* * *

Oníláàbù:

Ará Kétu, mo gbà pẹ̀lú yín lórí nọ́ńbà, àmọ́ ewu wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé lórí WhatsApp báyìí, odindi fọ́ọ̀mù aláìsàn, orúkọ, fọ́tò ojú tó ti pọ́n, gbogbo rẹ̀ ló ń fò kiri. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ará àdúgbò ti rí i, ìdílé ọmọ náà á sá.

Ohun tó tó fún ẹni kejì bodè kò pọ̀: ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, abúlé, ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ibi tó rìn dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, àti bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́. Kò sí orúkọ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá nílò orúkọ láti fi wá àwọn tó bá a rìn, ẹ fi ohùn sọ ọ́.

* * *

Àgbà Ò Gbà:

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ yìnyín, páálí àti WhatsApp tán. Owó ńkọ́? Ní January 2025, Amẹ́ríkà kéde pé òun ń kúrò nínú WHO, wọ́n sì dá owó USAID, àjọ ìrànwọ́ wọn, dúró. Ìgbà yẹn la rí i kedere iye iṣẹ́ tí àlejò ń gbé. Àwọn aṣòfin wa sáré fi 200 mílíọ̀nù dọ́là kún owó ìlera ọdún yẹn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n Abuja wa yìí náà ni àwọn olórí Áfíríkà ti pàdé lọ́dún 2001, tí wọ́n ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba yóò máa lọ sí ìlera. Ẹ fi ohun tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ wé ohun tí à ń ná.

Gavi pẹ̀lú ti sọ pé 2028 ni òun ń fi wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé. Lẹ́yìn ìyẹn, àwa ni yóò máa sanwó abẹ́rẹ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, èyí tó ti wà nínú ètò àjẹsára ọmọdé wa láti 2004. Ọmọ Òkè-Owá yẹn, lẹ́yìn 2004 ni wọ́n bí i. Ó yẹ kó ti gba tirẹ̀ tipẹ́. Kí abẹ́rẹ́ pàjáwìrì tó débẹ̀, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ti kọ́kọ́ kùnà, ìyẹn kò sì kan Geneva.

* * *

Ìyá Kúlà:

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú yín pátápátá nìyẹn. Kí n fi kan kún un: láàárín 1986 sí 1987 ibà pọ́njú pa èèyàn púpọ̀ ní Nàìjíríà, ó dé Ọ̀yọ́ pẹ̀lú. Lẹ́yìn 1996 a ò tún fìdí ẹnì kan múlẹ̀ títí di 2017. Ọdún mọ́kànlélógún. Lóyè mi, àrùn náà lè ti wà níbẹ̀ nínú igbó. Àwa ni a ò wá a.

Ẹ̀sùn tí mo ní sí àwọn àjọ òkèèrè yàtọ̀ sí tiyín. Fọ́ọ̀mù ni. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀, DSNO, ẹnì kan ni fún gbogbo àrùn. Ìjọba fún un ní fọ́ọ̀mù 001A fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, 002 fún ọ̀sẹ̀, 003 fún oṣù. Ètò tó ń sanwó rọpárọsẹ̀ á mú tirẹ̀ wá, ti malaria á mú tirẹ̀ wá, olúkúlùkù pẹ̀lú áàpù tirẹ̀ lórí fóònù. SORMAS, áàpù tí àwọn ará Jámánì bá NCDC ṣe, fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sójú kan, ó sì ran iṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìwé àtijọ́ kò kúrò nílẹ̀. Ètò tó ń fún un lówó epo ọ̀kadà ni òṣìṣẹ́ náà máa ń kọ tirẹ̀ síwájú. Ta ni yóò bá a wí?

Ìyàtọ̀ tó wà ní Èkó lọ́dún 2014 nìyẹn, nígbà tí Ebola dé. Èèyàn 20 ló mú ní gbogbo Nàìjíríà, ó pa 8, wọ́n ṣọ́ àwọn 894 tó bá wọn pàdé. Yàrá àṣẹ kan ṣoṣo ni wọ́n lò, wọ́n fa àwọn tó ń bójú tó rọpárọsẹ̀ wọ inú rẹ̀, WHO, UNICEF, CDC ti Amẹ́ríkà àti MSF jókòó síbẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ́tọ̀ fi sínú àpò. 20 October wọ́n ní Ebola ti tán. Àwọn àjọ náà ò kéré níye.

* * *

Ará Ìgbómìnà:

Ó ti ń yé mi. Ṣùgbọ́n ìkéde ńkọ́? Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri nígbà yẹn, ẹ̀fọn ńlá kan ni wọ́n yà sí i, òyìnbó ló pọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà ní ẹ̀fọn tó tóbi tó yẹn kò sí lábúlé wọn.

* * *

Ará Kétu:

Hà! Ẹ̀fọn aláwòrán yẹn, ó ti dé ọ̀dọ̀ tiwa náà.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó ni ibi tí aláìsàn ń kọ́kọ́ lọ. Bí ojú ọmọ bá pọ́n, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, ilé ẹlẹ́wẹ ọmọ ni. Ìyá á ra àgbo ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ imú ni yóò tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ètò ìkéde tí kò bá bá àwọn ẹlẹ́wẹ ọmọ jókòó, ìwé ògiri ló ń tà. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n má ta ewé mọ́. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà kan, kí wọ́n pè tí wọ́n bá ti rí ojú tó pọ́n pẹ̀lú ara gbígbóná. Owó káàdì ìpè ni kí ètò náà san fún wọn.

Èkejì ni omi. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú kiri ń yé sínú ìkòkò omi, táyà, agolo, àní inú ìkarahun àgbọn. Ọ̀sán ló ń jẹ èèyàn, nítorí náà àwọ̀n tí wọ́n pín fún alẹ́ kò tó. Kí wọ́n da omi ìkòkò nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n fọ inú rẹ̀ pẹ̀lú kànìnkànìn, nítorí ẹyin rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò. Dída omi nù nìkan kò mú un kúrò.

* * *

Oníláàbù:

Kí n padà sórí oṣù méjì tí Ará Ìgbómìnà kà. Láti 16 August sí 12 September, ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni: ìrìn àjò ọmọ dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò nílé, páálí, Dakar, PRNT. Láti ibẹ̀ dé 13 October, oṣù kan ó lé ọjọ́ kan: ìwé ìbéèrè, ICG, ọkọ̀, ètò ìgúnnilábẹ́rẹ́ fún èèyàn 873,837, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án sí ẹni ọdún 45. Apá kejì yẹn, ìlú púpọ̀ ò lè ṣe é kíá tó bẹ́ẹ̀. Apá àkọ́kọ́ ló ṣì lè kúrú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé ìwòsàn abúlé, fọ́ọ̀mù 001A ló wà lọ́wọ́ yín. Ara gbígbóná, tí ojú pọ́n láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tí àìsàn bẹ̀rẹ̀: ẹ kọ ọ́, ẹ má dúró de ẹ̀jẹ̀ imú. Àlàfo mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ lófìfo: ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ gba ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kẹ́yìn. Láìsí méjì àkọ́kọ́, láàbù ò mọ̀ bóyá IgM ti yẹ kó jáde. Láìsí ẹ̀kẹta, a ò lè mọ ìyàtọ̀ àìsàn sí abẹ́rẹ́. Bí ìyá ọmọ kò bá rántí, ẹ béèrè káàdì. Bí kò bá sí káàdì, ẹ kọ "kò mọ̀" sí i. "Kò mọ̀" wúlò fún wa. Àlàfo òfìfo, a ní láti pe DSNO padà, DSNO á gun ọ̀kadà padà sí abúlé, ọjọ́ mẹ́ta ti lọ nìyẹn.

* * *

Ará Ìgbómìnà:

Ẹ ṣeun. Fọ́ọ̀mù yẹn, ṣé òyìnbó nìkan ni?

* * *

Oníláàbù:

Òyìnbó ni. Ẹ kọ ọjọ́ sí i ní nọ́ńbà, ọjọ́ kí oṣù tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì kọ orúkọ oṣù ní lẹ́tà, nítorí 08/09 máa ń di August lọ́wọ́ ẹnì kan, September lọ́wọ́ ẹlòmíràn.